Ta Li Ó Li Àṣẹ Láti Dá Àgbàlagbà Tí Iyè Rẹ̀ Ti Rá Dúró Sí Ilé Ìwòsàn?

Ọmọdé tí ara rẹ̀ kò yá kì í fa ìjiyàn nínú ilé. Ìyá rẹ̀ a gbé e pọ̀n, a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó sunkún, bí kò sunkún, kò sí ẹni tí yíò bi í bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó bá ṣe àgbàlagbà li ó ń ṣàìsàn, tí àìsàn náà sì gba iyè lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn, tí ó sì ń wí pé àwọn ará ilé òun ni orí wọn dàrú, nígbànáà ni àwọn ará ilé a máa wo ara wọn lójú. Ta ni yíò wí pé kí a gbé e? Ta ni yíò fọwọ́ sí ìwé? Bí ó bá sì yá tán, ta ni yíò dá a lóhùn nígbàtí ó bá bèèrè pé, "Ta li ó ní kí ẹ mú mi lọ?"

Kí a mú ilé kan ní Èsìẹ́ fún àpẹẹrẹ, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìlú tí àwọn àjèjì ń wá wo àwọn ère òkúta rẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ li ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí a wí pé ọkùnrin kan wà nínú ilé náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, àgbẹ̀ oníṣu, ènìà jẹ́jẹ́ tí kì í mu ọtí. Lẹ́hìn tí ó ti kọ ebè rẹ̀ tán, tí ó sì ti gbìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí jí lóru, ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Oúnjẹ kò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn kan ti da nǹkan sínú kànga. Li ọjọ́ kẹsàn-án ó lọ sí oko, ó sì hú gbogbo èèbù tí ó ti gbìn, nítorí ohùn kan wí fún un pé òkú ni a rì mọ́ inú ebè náà. Li òru ọjọ́ náà ìyàwó rẹ̀ sáré lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ mi," li ó wí, "ẹ dìde. Àbúrò yín kò mọ ẹni tí èmi íṣe mọ́."

"Ìyàwó," li ẹ̀gbọ́n náà dáhùn, "ọ̀rọ̀ yìí kì íṣe èyí tí a ń sọ li ojú ọ̀nà. Wọlé wá."

Wọ́n pe ẹbí jọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbúrò bàbá wọn, ẹni tí íṣe olórí ilé, ní kí a dè é, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan tí ó mọ ewé wèrè. Ẹlòmíràn ní kí a mú un lọ sí ilé àdúrà kan, níbi tí a ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí búburú yíò fi jáde. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin bẹ̀ wọ́n lórí tẹlifóònù pé ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé bàbá òun lọ. Aláìsàn tìkárarẹ̀ dúró li ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n èmi kì íṣe ọmọdé. Èmi kò lọ síbì kankan." Ọ̀rọ̀ náà já gaara tóbẹ́ẹ̀ tí ẹnu fi ya gbogbo wọn. Nígbànáà ni àbúrò wọn kan wí pé, "Bí a bá gbé àgbàlagbà láìfẹ́ rẹ̀, kì yíò ha dàbí ẹni pé a jí ènìà gbé?"

Ìbéèrè yìí kì íṣe ti aláìgbọ́n. Ó yẹ kí olúkúlùkù ilé ti bi ara rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ohun tí ó ṣáájú ni pé àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ pé li ó ni ara rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà fi èyí múlẹ̀ li ọdún 2001 nínú ẹjọ́ dókítà Okonkwo. Obìnrin kan, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Dókítà náà tọ́jú rẹ̀ láìfún un li ẹ̀jẹ̀, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn dá dókítà náà li ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wí pé kò jẹ̀bi, nítorí ẹni tí ó ti dàgbà, tí iyè rẹ̀ sì pé, lè kọ ìtọ́jú, àní bí kíkọ̀ náà tilẹ̀ lè mú ikú wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè bínú, ṣùgbọ́n kí ó rò ó wò: bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá lágbára jù nínú ẹbí li yíò máa pàṣẹ lórí ara ẹlòmíràn. A ṣì ń rí ibi tí a kò ti ní fọwọ́ kan obìnrin tí ń rọbí bí kò ṣe pé ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé, bí ẹni pé obìnrin náà kò ní ẹnu. Àṣà nìyẹn, kò sì dára.

Nítorínáà kì íṣe ìgbàkígbà tí àgbà bá ṣe ohun tí kò tẹ́ ẹbí lọ́rùn ni a lè wí pé orí rẹ̀ dàrú. Ẹni tí ó fẹ́ ta oko rẹ̀, opó tí ó kọ̀ láti fẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ tí ó yí ìjọ padà, wọ̀nyí kì íṣe aláìsàn. Iyè tí ó ti rá ni èyí tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó sì dì í mú, tí kò lè fi ohun kan wé èkejì, tí kò sì lè sọ ìdí tí ó fi yan ohun tí ó yàn. Ọkùnrin tí ó hú èèbù rẹ̀ nítorí ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ wà nínú irú èyí, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ já gaara.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ òfin ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 35, wí pé a kò gbọ́dọ̀ gba òmìnira ènìà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́hìn náà ó ka àwọn tí a yọ sílẹ̀, àwọn tí iyè wọn kò pé sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kíyèsí ìdí tí ìwé náà sọ: nítorí ìtọ́jú wọn, tàbí láti dáàbòbò ìlú. Kò sọ pé nítorí ìtìjú ẹbí. Kò sì sọ pé nítorí pé oko rẹ̀ sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Òfin àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ro ti ìtọ́jú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ilé àwọn wèrè ní Calabar li ọdún 1904 àti ní Yaba li ọdún 1907, wọ́n sì ṣe òfin lórí wọn li ọdún 1916. Lábẹ́ òfin náà adájọ́ lè pàṣẹ kí a ti ẹni tí a bá pè ní wèrè mọ́lé, bí dókítà bá ti kọ ìwé lé e. Ilé wọnnì súnmọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ, ẹni tí ó sì sábà dé ibẹ̀ ni ẹni tí kò ní ará, tí a rí ní ìhòòhò li ọjà. Òfin yìí ni Nàìjíríà ń lò, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, títí di oṣù kíní ọdún 2023, nígbàtí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin titun lórí ìlera ọpọlọ. Ó lé li ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó pa á dà.

Òfin titun náà fi ìfẹ́ aláìsàn ṣáájú. Bí ó bá gbà láti lọ, a ó gbà á bí a ti ń gba aláìsàn ibà. Bí kò bá gbà, ìbátan rẹ̀ lè mú un wá, ṣùgbọ́n ìbátan kọ́ li yíò dá a dúró. Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ náà ni yíò yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì rí i pé àìsàn ọpọlọ ń ṣe é ní tòótọ́, àti pé ewu ń bẹ fún òun tàbí fún ẹlòmíràn, tàbí pé àìsàn náà yíò burú sí i bí a bá fi í sílẹ̀, nígbànáà ni a lè dá a dúró. Aláìsàn náà lè ní ẹni tí yíò ṣojú fún un, ó sì lè bẹ̀bẹ̀ kí a tún ọ̀ràn rẹ̀ yẹ̀ wò. Èyí já sí pé a pín àṣẹ náà. Ẹbí li ó mọ bí ọkùnrin náà ti rí kí ó tó ṣàìsàn. Dókítà kò mọ̀ ọ́n. Dókítà li ó mọ àìsàn. Ẹbí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá ṣe é.

Níbi tí ẹbí bá ti dá a ṣe, a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Li oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní Kàdúná, wọ́n sì bá ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó ju 300 lọ níbẹ̀, tí a ti fi ẹ̀wọ̀n de ọ̀pọ̀ nínú wọn. Li ọdún kan náà ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìròhìn kan jáde lẹ́hìn tí wọ́n ti bẹ ilé 28 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Àbújá: ilé ìwòsàn ti ìjọba, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ilé àwọn Mùsùlùmí, àti ti àwọn Kristẹni pẹ̀lú. Ẹ máṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan ti ẹlẹ́sìn mìíràn nìkan. Wọ́n rí ènìà tí a dè mọ́ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, àti fún ọdún. Kì íṣe ọ̀tá li ó kó ọ̀pọ̀ wọn lọ bíkòṣe bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n wọn, àti ọkọ wọn. Wọ́n san owó, wọ́n sì padà sílé. Ẹni tí ó bá ń ka Ìhìnrere mọ ọkùnrin kan tí a ti fi ẹ̀wọ̀n dè nígbà púpọ̀ láàrín ibojì, ó sì mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n náà kọ́ li ó mú un lára dá.

Nípa ewé tí olórí ilé ń wí, kì íṣe gbogbo rẹ̀ li ó jẹ́ ìtànjẹ. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa ń lò fún wèrè ní agbára láti mú ènìà sùn. Li ọdún 1952 àwọn onímọ̀ yọ oògùn tí a ń pè ní reserpine láti inú igi kan tí ó bá a tan ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn dókítà sì lò ó káàkiri ayé fún àwọn aláìsàn ọpọlọ kí oògùn tí ó dára jù ú tó dé. Ohun tí ó burú nínú ewé náà ni pé kò sí òṣùwọ̀n. Bí ó bá pọ̀jù, ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀ nínú ara, ènìà a dákú, tàbí ìbànújẹ́ ńlá a dé bá a. Bí aláìsàn bá ti mu ún, kí a sọ fún dókítà láìtijú, nítorí ó lè bá oògùn ilé ìwòsàn jà.

Nísisìyí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa Arò ní Abẹ́òkúta, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí alábòójútó íṣe gan-an. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí li ọdún 1923, lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbàtí ó padà dé, a fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn titun ní Arò, ṣùgbọ́n ilé náà kò tíì parí. Dókítà mìíràn ìbá jókòó dúró. Lambo lọ bá àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Li ọdún 1954 iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní abúlé mẹ́rin.

Òfin kan ṣoṣo li ó fi lé e lórí, òun náà li ó sì mú kí iṣẹ́ náà dá yàtọ̀: aláìsàn kò lè dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó sì bá a gbé nínú abúlé náà. Ìyá ni, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí aya. Ìbátan yìí li yíò se oúnjẹ fún un, tí yíò fọ aṣọ rẹ̀, tí yíò sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn li òwúrọ̀ kí ó lọ gba ìtọ́jú. Li ọ̀sán aláìsàn tí ara rẹ̀ bá gbà á a máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, li alẹ́ a sì máa bá wọn jókòó gbọ́ àlọ́ tàbí wo ijó. Ilé ìwòsàn ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́ nípa omi àti ìmọ́tótó, àwọn tí wọ́n gba aláìsàn sílé sì ń rí owó níbẹ̀. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù. Ó pè wọ́n sí ìmọ̀ràn, nítorí wọ́n mọ ohun tí ń ba aláìsàn lẹ́rù.

Ní Geel ní ilẹ̀ Belgium, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń gba àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé wọn, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n àlejò ni aláìsàn níbẹ̀, nínú ilé ẹni tí kò bá a tan. Ti Arò ni kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a wá. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó, àti nígbàtí ó ṣe, Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú li ọdún 2004.

Nínú ètò yìí a rí i pé ẹni tí ó fẹ́ ní àṣẹ láti sọ pé "Ẹ dá a dúró" gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá fọwọ́ sí ìwé, tí ó wọ ọkọ̀ padà sí Èsìẹ́, tí kò sì tún yọjú mọ́, kò ní ohun tí yíò sọ nígbàtí dókítà bá bèèrè bóyá àbúrò rẹ̀ sùn, bóyá ó rẹ́rìn-ín, bóyá ó ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Títí di òní ilé ìwòsàn púpọ̀ ní ilẹ̀ wa a máa bèèrè ìbátan tí yíò wà nítòsí. Ẹlòmíràn rò pé owó ni wọ́n ń wá. Kì íṣe bẹ́ẹ̀.

Ta wá ni nínú àwọn ìbátan? Nígbàtí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin wọn li ọdún 1983, wọ́n ka ìbátan lẹ́sẹẹsẹ: aya tàbí ọkọ li àkọ́kọ́, lẹ́hìn rẹ̀ ọmọ, lẹ́hìn rẹ̀ òbí, lẹ́hìn rẹ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹnu yà nígbàtí wọ́n rí i pé a bi ìyàwó léèrè ṣáájú ẹ̀gbọ́n àgbà. Nílé, ẹ̀gbọ́n àti olórí ẹbí li ó máa ń sọ̀rọ̀, ìyàwó a kúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ṣùgbọ́n ìyàwó li ó mọ òru tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ tirẹ̀ tán, kí ó jẹ́ kí ìyàwó sọ̀rọ̀ níwájú dókítà, kí ó má sì ṣe gbà á lẹ́nu. Kí ó sì yé gbogbo wọn pé àṣẹ lórí ìtọ́jú ara kì íṣe àṣẹ lórí oko. Ẹni tí ó gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn li ọjọ́ Ajé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ rẹ̀ li ọjọ́ Ẹtì, ó ti fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn.

Kì íṣe ìdàrúdàpọ̀ iyè gbogbo ni wèrè. Ibà tí ó gun orí lè mú kí ènìà máa sọ kántankàntan; bẹ́ẹ̀ náà ni abísínwín fún obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ jù nínú ara alátọ̀gbẹ, ẹ̀gbà tí ó kọlu ọpọlọ, àti arán fún arúgbó. Òmíràn nínú wọn yíò pa ènìà láàrín ọjọ́ kan bí a bá ń gbé e ká ilé àdúrà. Nítorínáà ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù ni kí a kọ́kọ́ lọ; fún ará Èsìẹ́, èyí lè jẹ́ ti ìjọba ní Òmù-Àrán. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti lé ẹni tí ó wà nínú ewu padà, ìbáà ní owó tàbí kò ní. Láti ibẹ̀ wọ́n lè kọ ìwé fún un sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìlọrin, tàbí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Budo-Egba ní Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà. Bí ó bá di dandan kí a di ènìà mú nínú ọkọ̀, kí ó jẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ li ó dì í mú, kì íṣe okùn, kí ẹnìkan sì máa bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Kí a padà sí ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n náà kò dè é. Ó jókòó tì í títí di ọ̀sán, ó ní, "Àbúrò mi, o kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Jẹ́ kí a lọ gba oògùn oorun. Èmi náà yíò bá ọ sùn níbẹ̀." Nípa ti oorun nìkan ni ọkùnrin náà gbà. Ní Ìlọrin ó kọ̀ láti dúró. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dá a dúró. Ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan fún èyí, ọ̀sẹ̀ kan fún èkejì, ọmọ rẹ̀ sì ń gbé oúnjẹ wá.

Li ọ̀sẹ̀ kẹfà dókítà wá, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bèèrè bóyá wọn yíò fẹ́ oògùn tí a ń gún lóṣooṣù tàbí èyí tí a ń gbé mì lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n ya ẹnu láti dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dáhùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Dókítà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó sì kọ ojú sí ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá," li ó wí, "ẹ̀yin ni mo ń bi."

Ọkùnrin náà ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó bèèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà láti Òmù-Àrán sí Ìlọrin nísisìyí, àti bóyá abẹ́rẹ́ náà yíò jẹ́ kí apá òun lè gbé ọkọ́.